Bí mo ṣe rí ohùn àwọn panápaná gbọ́ lórí skánà mi ní Minnesota

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú ìnáwó, nítorí mo mọ iye tí skánà, rédíò tó ń yẹ ìgbì púpọ̀ wò láti gbọ́ ọ̀rọ̀ tó ń lọ lórí wọn, ń gbà lọ́wọ́ ènìyàn. Ẹ ní ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ra tiyín, pé ẹ wá gbogbo òǹkà ìgbì (frequency) tí àwọn panápaná àdúgbò yín ń lò, ẹ sì tẹ̀ wọ́n sínú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, síbẹ̀ kò sí ohun tí ẹ ń gbọ́ ju ọ̀rọ̀ tó ń já sí méjì, ohùn àwọn awakọ̀ tó ń wa yìnyín kúrò lójú títì, àti ariwo kan tó ń dún láìdákẹ́ bí ẹni ń fi ayùn rẹ́ irin. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí èmi náà nìyẹn ní ìgbà òtútù àkọ́kọ́ tí mo gbé ní Brooklyn Park, oṣù mẹ́ta ni mo sì lò kí n tó mọ̀ pé kì í ṣe òǹkà ìgbì ló yẹ kí n máa lépa.

Ní Minnesota níbí, àwọn panápaná, ọlọ́pàá, òṣìṣẹ́ áńbúláǹsì àti àwọn tó ń tọ́jú ojú pópó jọ ń lo ètò rédíò kan tó kárí ìpínlẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní ARMER. Ètò trunk ni, orí 800 MHz ló wà, ìlànà dígítà tí wọ́n ń pè ní P25 ló sì ń tẹ̀lé. Iléeṣẹ́ ìrìnnà ìpínlẹ̀ náà, MnDOT, ló ń bójú tó àwọn òpó rẹ̀, tó lé ní 300, káàkiri káúńtì 87.

Kí ẹ lè lóye ohun tí trunk jẹ́, ẹ rántí gáréèjì kan ní Èkó, irú èyí tí ọkọ̀ ibẹ̀ kò ní ojú ọ̀nà kan pàtó. Agbèrò ló ń kígbe pé, "Òṣòdì, ẹ wọ èyí!" Ọkọ̀ tó bá ṣófo lásìkò náà ni yóò gbé èrò Òṣòdì, bó bá sì padà dé, ó lè jẹ́ Ìkòròdú ni wọn yóò tún rán an lọ. Ẹni tó bá há nọ́ńbà ọkọ̀ tó gbé e lánàá sórí, tó sì lọ wọ ọkọ̀ náà lónìí láìfetí sí agbèrò, ibi tí kò rò ni yóò bá ara rẹ̀. Òǹkà ìgbì ni ọkọ̀. Talkgroup, ìyẹn nọ́ńbà tí wọ́n fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan tó ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, ni ibi tí èrò ń lọ. Control channel, ìyẹn ìkànnì tí kọ̀ǹpútà ètò náà fi ń sọ fún gbogbo rédíò pé ìgbì báyìí ni ẹgbẹ́ báyìí yóò fi sọ̀rọ̀ nísinsìnyí, òun ni agbèrò. Ariwo ayùn tí ẹ ń gbọ́ yẹn, ohùn agbèrò gan-an ni. Ẹ kò tíì sọ fún skánà yín pé kó máa tẹ́tí sí i ni.

Nítorí náà, ẹ pa gbogbo ohun tí ẹ ti tẹ̀ sínú rẹ̀ rẹ́. Ẹ ṣí ètò tuntun, kí ẹ sì yan P25 Trunk gẹ́gẹ́ bí irú rẹ̀. Abẹ́ ètò náà ni sáìtì wà, ìyẹn òpó kan tàbí àkójọ òpó tó ń sin agbègbè kan, abẹ́ sáìtì ni ẹ ó sì kọ òǹkà ìgbì àwọn control channel rẹ̀ sí. Lórí RadioReference, ojú ìwé ayélujára kan níbi tí ọ̀pọ̀ wa ti ń wo àkójọ wọ̀nyí, àwọn tí wọ́n kọ ní àwọ̀ pupa àti búlúù ni. Sáìtì kan lè ní bíi mẹ́rin tó ń lò ní ìpààrọ̀, ẹ kọ gbogbo wọn. Àwọn ìgbì ìsọ̀rọ̀ yòókù kò pọn dandan, nítorí pé nínú P25 control channel fúnra rẹ̀ ló ń kéde wọn fún skánà. Lẹ́yìn èyí ni ẹ ó wá tẹ talkgroup àwọn panápaná yín. Ọ̀nà méjì ni wọ́n máa ń gbà kọ nọ́ńbà rẹ̀ síbẹ̀, abẹ́ DEC àti abẹ́ HEX. Èyí tó wà lábẹ́ DEC ni kí ẹ lò. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni mo fi ṣòfò lórí èkejì.

Bí skánà yín bá jẹ́ irú Uniden tó ń lo Sentinel lórí kọ̀ǹpútà, bíi BCD436HP tàbí SDS100, àkójọ náà ti wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ẹ kò ní láti fọwọ́ tẹ ohunkóhun. Ẹ ṣe Favorites List tuntun, ẹ kó ARMER sínú rẹ̀, kí ẹ wá máa yọ ohun tí ẹ kò nílò kúrò. Mo bẹ̀ yín, ẹ má fi gbogbo sáìtì ìpínlẹ̀ sílẹ̀ nínú rẹ̀. Skánà tó ń yẹ ọ̀pọ̀ sáìtì wò lọ́kọ̀ọ̀kan kò ní ráyè dúró sórí èyí tó ń sọ̀rọ̀, nígbà tó bá sì fi máa padà débẹ̀, ọ̀gá panápaná ti parí àṣẹ tó ń pa.

Ìgbà tí mo ṣe gbogbo èyí tán ni ìyọnu mi tó tóbi jù wá bẹ̀rẹ̀. Àmì ìgbì kún dé òkè, nọ́ńbà talkgroup àwọn panápaná hàn lójú skánà, mo sì gbọ́ ohùn ènìyàn, ṣùgbọ́n bí ẹni ń sọ̀rọ̀ lábẹ́ omi ló rí. Mo rò pé ìgbì náà kò lágbára tó, mo bá ra áńtẹ́nà gígùn, mo gbé e lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó sì burú sí i. Ohun tó fà á ni èyí tí wọ́n ń pè ní simulcast. Ní àárín ìlú ńlá bíi Minneapolis àti àyíká rẹ̀, òpó púpọ̀ ló ń gbé ọ̀rọ̀ kan náà jáde lórí ìgbì kan náà ní ìṣẹ́jú kan náà, kí rédíò panápaná lè gbọ́ ọ níbi gbogbo. Ìgbì láti ara òpó kọ̀ọ̀kan kì í dé ọ̀dọ̀ yín lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ẹ bá ti dúró rí láàárín gbohùngbohùn mẹ́ta ní pápá ìsọjí, tí ọ̀rọ̀ oníwàásù ń gun ara rẹ̀ lórí títí ẹ kò fi mọ ohun tó ń sọ, ẹ ti mọ ohun tí etí skánà ń rí. Wọ́n ṣe rédíò ọwọ́ àwọn panápaná láti to ìdàrúdàpọ̀ yẹn, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ skánà àtijọ́ kò lè ṣe é, bí ìgbì náà ti wù kó lágbára tó.

Kí ẹ tó tún náwó, ẹ gbìyànjú ohun tó bá mi ṣiṣẹ́. Ẹ gbé skánà kúrò lójú fèrèsé wá sí inú yàrá, sí ibi tí ògiri yóò ti dí àwọn òpó kan tí yóò sì ku ọ̀kan tó hàn jù. Ìgbì orí 800 MHz kò gùn ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 35 lọ, nítorí náà bí ẹ bá sún skánà ní ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan péré, ohùn tó dàrú lè tò. Lórí tábìlì ìdáná wa, mo fi pẹ́ńsùlù sàmì sí ibi kan ṣoṣo tí ọ̀rọ̀ ti ń já gaara, kò sì sí ẹni tó gbọdọ̀ gbé abọ́ síbẹ̀. Ẹ tan attenuator, èyí tó ń dín agbára ìgbì kù. Ó lè yà yín lẹ́nu pé ìgbì tó kéré ń mú ọ̀rọ̀ tó dára wá, ṣùgbọ́n òtítọ́ ni. Bó bá jẹ́ pé ilé yín ni ẹ ní, tí ẹ lè gbé áńtẹ́nà Yagi sórí òrùlé, ẹ kọjú rẹ̀ sí òpó kan ṣoṣo kó lè kẹ̀yìn sí àwọn yòókù. Èmi tó ń gbé ilé àyágbé kò lè ṣe ìyẹn, mo fara dà á fún ọdún méjì kí n tó ra SDS100, èyí tó jáde ní 2018. Ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní I/Q ló fi ń gba ìgbì wọlé, òun ni ó gbà mí lọ́wọ́ simulcast. Ó máa ń jẹ bátìrì, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń gbé ibi tí simulcast wà, n kò mọ àtúnṣe mìíràn tó dà bíi rẹ̀.

Ohun kan tún wà tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi. Sáìtì kì í gbé gbogbo talkgroup. Àyàfi bí wọ́n bá dìídì ṣètò rẹ̀, ètò náà kì í gbé ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ kan jáde ní sáìtì kan bí kò bá sí rédíò kankan láti inú ẹgbẹ́ náà tó forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀ lákòókò yẹn. Ẹ lè dì mọ́ sáìtì káúńtì kejì nítorí pé ìgbì rẹ̀ lágbára nílé yín, kí iná máa jó ní òpópónà kejì, kí ẹ má sì gbọ́ nǹkan kan. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi: mo rí èéfín láti ojú fèrèsé, mo gbọ́ fèrè ọkọ̀ panápaná, skánà ọwọ́ mi sì dákẹ́ fọ́ọ́. Sáìtì tó ń sin ibi tí àwọn panápaná yín ń ṣiṣẹ́ ni kí ẹ yàn, ẹ má yan èyí tí àmì rẹ̀ kún jù. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tí sáìtì kan ń gbé, ẹ yí skánà sí ID Search fún alẹ́ méjì tàbí mẹ́ta, kí ẹ máa kọ nọ́ńbà tó bá jáde sílẹ̀, lẹ́yìn náà kí ẹ dá a padà sí ID Scan kó lè dúró lórí kìkì àwọn tí ẹ fẹ́.

Ẹ má rò pé gbogbo ọ̀rọ̀ panápaná ló wà lórí trunk. Ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ panápaná ìlú kékeré, níbi tí àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni ti ń ṣiṣẹ́, ṣì ń fi pager, ẹ̀rọ kékeré tí ènìyàn ń mú kiri, pe àwọn ènìyàn wọn lórí ìgbì VHF, tí òǹkà rẹ̀ kéré ju ti ARMER lọ. Ẹ ó gbọ́ dídún méjì tó tẹ̀ lé ara wọn, lẹ́yìn náà àdírẹ́sì. Bí àwọn panápaná bá sì wọ inú ilé tó ń jó, rédíò lè bá rédíò sọ̀rọ̀ tààrà láìgba ara òpó kọjá, ẹ kò sì ní gbọ́ wọn bí ẹ kò bá sún mọ́ ibẹ̀. Ẹ fi 154.280 MHz kún àkójọ yín gẹ́gẹ́ bí ìkànnì lásán tí kì í ṣe trunk, nítorí ìgbì ìrànlọ́wọ́ láàárín àwọn panápaná ni káàkiri Amẹ́ríkà. Àwọn talkgroup tí wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ àṣírí tì, pàápàá ti ọlọ́pàá, kò sí skánà tí yóò ṣí wọn. Ẹ yọ wọ́n kúrò kí wọ́n má baà máa gba àkókò.

Mo gbọ́dọ̀ sọ ti òfin, nítorí òfin ìwọ̀lú kò gba ọ̀pọ̀ nínú wa láyè láti rú òfin. Nílé, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú kí ẹ tẹ́tí sí ọ̀rọ̀ panápaná tí a kò tì pa. Inú ọkọ̀ ni ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀. Òfin Minnesota kò fàyè gbà á kí ènìyàn ní skánà tó lè gba ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá nínú ọkọ̀ rẹ̀ láìgba ìwé àṣẹ, àyàfi àwọn díẹ̀ tí òfin náà yọ sílẹ̀, bí ẹni tó ní ìwé àṣẹ rédíò amateur, ìyẹn ti àwọn tó ń fi rédíò ṣe eré ìfẹ́ ọkàn. Nítorí èyí ni mo ṣe kọ́kọ́ jókòó ìdánwò Technician, ìpele àkọ́kọ́ ìwé àṣẹ náà, kí n tó gbé tèmi jáde nílé. Ẹ má sì gbé àdírẹ́sì ẹni tí ilé rẹ̀ ń jóná sórí WhatsApp ẹgbẹ́ ìlú. Ẹbí rẹ̀ kò gbọdọ̀ tibẹ̀ gbọ́.

Bí ẹ bá ti ṣe gbogbo èyí tí ọ̀rọ̀ ṣì ń já, ẹ kọ orúkọ sáìtì tí skánà yín dì mú ránṣẹ́, pẹ̀lú irú skánà tó jẹ́ àti ibi tí ẹ gbé e sí nínú ilé, kí n lè bá yín wò ó.