Ọkọ mi ríṣẹ́ sí Melbourne, físà 491 la sì ní: ṣé ó lè lọ?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Nọ́ọ̀sì ni mí, Adelaide ní Ọsirélíà lèmi àti ọkọ mi pẹ̀lú àwọn ọmọ wa méjì ń gbé. Físà 491 tí ìjọba South Australia ṣe agbátẹrù rẹ̀ fún mi la fi wọlé, a ti lo ọdún kan àti oṣù mẹ́rin. Látìgbà tá a ti dé, ọkọ mi ò tíì ríṣẹ́ tó bá ìwé tó kà mu, àfi lọ́sẹ̀ tó kọjá tí iléeṣẹ́ kọ̀ǹpútà kan ní Melbourne pè é. Ó ní òun á máa wà níbẹ̀ láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Ẹtì, òun á sì máa wálé lópin ọ̀sẹ̀. Ọ̀rẹ́ wa kan tó gba físà 190 ti kó lọ sí Melbourne, kò sẹ́ni tó bi í léèrè. Òun ló ní èmi ni mo ni físà, pé kò kan ọkọ mi, àti pé kò sẹ́ni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

Ìdáhùn: Rárá o, kì í ṣe bẹ́ẹ̀, mo sì fẹ́ kí ọkọ yín gbọ́ èyí kó tó fọwọ́ sí ìwé iṣẹ́ náà.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ya ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ yín sọ́tọ̀. PR, ìyẹn àṣẹ láti máa gbé Ọsirélíà títí lọ, ni 190 láti ọjọ́ tí wọ́n bá ti fún èèyàn. Ìpínlẹ̀ tó ṣe agbátẹrù rẹ̀ á ní kó ṣèlérí láti gbé ọ̀dọ̀ àwọn fún ọdún méjì, àmọ́ ìlérí náà kò sí lára àdéhùn tí ìjọba àpapọ̀ so mọ́ físà. Èmi ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni pé kó fi irú ìlérí bẹ́ẹ̀ ṣeré. Ẹni tó bá sì ti mọ̀ látìbẹ̀rẹ̀ pé òun ò ní gbébẹ̀, tó wá kọ irọ́ sínú fọ́ọ̀mù, ti fa ọ̀ràn mìíràn lẹ́sẹ̀. Ṣùgbọ́n kíkó tí ọ̀rẹ́ yín kó lọ fúnra rẹ̀ kò ba físà rẹ̀ jẹ́.

Tiyín kò rí bẹ́ẹ̀. Físà ọlọ́dún márùn-ún ni 491, kì í ṣe PR. Ẹ ṣí lẹ́tà tí wọ́n fi fún yín ní físà, ẹ wá ibi tí wọ́n to àwọn àdéhùn sí, ẹ ó rí nọ́ńbà kan níbẹ̀: 8579. Ohun tó ń sọ ni pé bí ẹ bá wà ní Ọsirélíà, àgbègbè tí ìjọba kà sí ìgbèríko nìkan lẹ ti gbọ́dọ̀ máa gbé, kẹ́ ẹ máa ṣiṣẹ́, kẹ́ ẹ sì máa kàwé. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ ìgbèríko tàn yín o. Láti November 2019 tí 491 ti bẹ̀rẹ̀, gbogbo Ọsirélíà ló wọ̀ ọ́ àyàfi Sydney, Melbourne àti Brisbane. Adelaide wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni Perth, Canberra, Gold Coast, Hobart àti Darwin.

Ẹ wá mú lẹ́tà ọkọ yín àti tàwọn ọmọ. Ẹ ó bá 8579 lára tiwọn náà. Kò sí pé ìyàwó ló ni físà, ọkọ kàn tẹ̀ lé e wá ni. Bí ọkọ yín bá ń sùn sí Melbourne lọ́jọ́ márùn-ún, tó sì ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ó ti rú àdéhùn lọ́nà méjì, wíwálé lópin ọ̀sẹ̀ kò sì tún un ṣe. Àwọn kan máa ń sọ pé, ó dáa, kó gba ilé sí Geelong, kó máa wọ reluwé lọ síbi iṣẹ́ ní Melbourne. Lóòótọ́, Geelong wà lára ìgbèríko. Ibi tó ń sùn ti tọ̀nà, ibi tó ń ṣiṣẹ́ kò tọ̀nà, ìkan ṣoṣo yẹn sì tó láti rú àdéhùn.

Ní ti pé kò sẹ́ni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò, lóòótọ́ ni pé ẹnikẹ́ni lè má kan ilẹ̀kùn yín lónìí. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá pààrọ̀ àdírẹ́sì tàbí ibi iṣẹ́, ọjọ́ 14 lẹ ní láti fi sọ fún Home Affairs, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí físà. Bí àwọn náà bá kọ̀wé pé kẹ́ ẹ fi ẹ̀rí ibi tẹ́ ẹ ń gbé àti ibi tẹ́ ẹ ti ń ṣiṣẹ́ hàn, ọjọ́ 28 lẹ ní. Ìyẹn náà kọ́ ló ń bà mí lẹ́rù jù. Físà 191 ni PR tí gbogbo yín ń lé, ẹ ò sì lè béèrè fún un títí ẹ ó fi lo ọdún mẹ́ta lórí 491, tẹ́ ẹ sì ti pa àwọn àdéhùn rẹ̀ mọ́. Nígbà náà ni wọ́n máa ń wẹ̀yìn wò. Mo ti jókòó ti ìwé báǹkì ẹni tó ní Ballarat, ní ìgbèríko, lòun ń gbé: epo mọ́tò ní Tarneit, búrẹ́dì ní Footscray, Melbourne sì ni méjèèjì, láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan sí òmíràn, títí oṣù fi parí. Kí ni mo fẹ́ kọ lé e tí wọ́n á gbà gbọ́?

Ẹni tó bá rú àdéhùn, abala 116 nínú òfin ìwọ̀lú ọdún 1958 fún ìjọba láṣẹ láti gba físà rẹ̀. Wọ́n á kọ̀wé sí i ná, wọ́n á fún un láyè kó fèsì. Bó bá jẹ́ ti ọkọ yín ni wọ́n gbà, tiyín kò ní tìtorí ẹ̀ bọ́ lójú ẹsẹ̀. Tiyín ni wọn ì bá gbà, ti gbogbo ilé ni ì bá bá a lọ. Ṣùgbọ́n kí PR yín jáde kí ọkọ má sí nínú rẹ̀, mo mọ̀ pé ìyẹn kọ́ lẹ rìn wá sí Ọsirélíà fún.

Mi ò sọ pé kó ju iṣẹ́ náà nù o. Ibi tí òun fúnra rẹ̀ bá ti ń ṣiṣẹ́ ni àdéhùn náà ń wò, kì í ṣe ibi tí olú iléeṣẹ́ wà. Kó béèrè lọ́wọ́ wọn bóyá òun lè máa ṣiṣẹ́ náà láti ilé ní Adelaide, tàbí bóyá wọ́n ní ọ́fíìsì sí Geelong, Ballarat tàbí Bendigo. Ohunkóhun tí wọ́n bá gbà, kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé iṣẹ́, pẹ̀lú àdírẹ́sì ibi tí á ti máa ṣe é. Bí wọ́n bá ń pè é wá sí Melbourne fún ìpàdé lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kó gba lẹ́tà tó sọ ìdí àti iye ọjọ́. Kẹ́ ẹ lọ kí ẹbí tàbí lọ síbi ìgbéyàwó ní Melbourne kò ní wàhálà kankan.

Láti ìsinsìnyí, ẹ máa tọ́jú ìwé ilé tẹ́ ẹ háyà, ìwé owó oṣù àti ìwé iléèwé àwọn ọmọ. Ẹ máa san owó orí yín lásìkò, nítorí 191 máa béèrè ìwé owó orí ọdún mẹ́ta láti ọ̀dọ̀ ATO, iléeṣẹ́ owó orí Ọsirélíà. Ọdún owó orí wọn, 1 July ló ń bẹ̀rẹ̀, 30 June ló ń parí, nítorí náà ọdún mẹ́ta físà lè pé kí ìwé kẹta tó jáde.

Bí wọ́n bá ti fi ìwé iṣẹ́ náà ránṣẹ́ sí ọkọ yín, ẹ jẹ́ kí n rí ojú ewé tí wọ́n kọ ibi iṣẹ́ sí kó tó fọwọ́ sí i.