Kí ẹ tó tún yí awò ìbọn afẹ́fẹ́ yín

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní ìbọn afẹ́fẹ́ yín, èyí tí à ń ṣẹ́ ọ̀pá rẹ̀ wálẹ̀ ká tó ki ọta kan ṣoṣo sí i, ń ta sósì lónìí, tó bá di ọ̀la á tún ta sókè, ẹ sì ti yí awò orí rẹ̀, gíláàsì tí à ń gbà wo ohun tí a fẹ́ ta, títí ó fi sú yín. Mo bẹ̀ yín, ẹ fi awò yẹn sílẹ̀ ná. Ohun tí èmi náà ṣe fún odidi ẹ̀ẹ̀rùn kan nìyẹn. Ọ̀kẹ́rẹ́ ń dá kòkó wa lu lóko, lọ́nà Ìbòkun. Bàbá mi gbé ìbọn náà fún mi pẹ̀lú ìwé àṣẹ rẹ̀, nítorí òfin Nàìjíríà ka ìbọn afẹ́fẹ́ mọ́ ìbọn. Mo ń yí awò, ọta ń tán, ọ̀kẹ́rẹ́ ń jẹun.

A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Ibi tí ọ̀pá ti ń ṣẹ́ gan-an ni ẹ̀tẹ̀ ìbọn mi wà. Bóòtù tó gbé ọ̀pá dúró ti dẹ̀. Orí ilé sípíríǹgì, ìyẹn irin ẹ̀yìn ọ̀pá tí sípíríǹgì tó ń ti afẹ́fẹ́ wà nínú rẹ̀, ni a so awò mọ́, inú ọ̀pá ni ọta sì ń gbà jáde. Bí ọ̀pá kò bá padà síbi tó wà lánàá, awò á máa wo ibì kan, ọ̀pá á máa wo ibòmíràn. Kò sí bí èèyàn ṣe lè yí awò bá ìyẹn. Ẹ ṣẹ́ ìbọn yín, ẹ jìnnà sí tirígà, ẹ rọra mi ọ̀pá náà sọ́tùn-ún sósì. Kò gbọdọ̀ mì rárá. Ẹ tún wò ó bóyá ó ń dúró níbi tí ẹ bá gbé e sí, àbí ńṣe ló ń já wálẹ̀ fúnra rẹ̀. Tó bá ń mì tàbí tó ń já wálẹ̀, ẹ fún bóòtù náà, díẹ̀díẹ̀ ni o. Ẹ fún àwọn sìkúrúù tó so igi mọ́ irin pẹ̀lú, àti èyí tó di awò mú, torí ìgbọ̀nrìrì ìbọn yìí máa ń tú wọn.

Lẹ́yìn ìyẹn ló wá kan ọwọ́. Èyí ló pẹ́ jù kí n tó gbà. Ọdẹ àgbà kan ní Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà wò mí bí mo ṣe di ìbọn mú bí ẹni tó gbá olè mú, ó ní, “Ọmọ mi, tú u sílẹ̀.” Mo rò pé kò mọ ìbọn afẹ́fẹ́ ni. Àṣé òótọ́ ló sọ. Nígbà tí sípíríǹgì bá tú, ìbọn á kọ́kọ́ sún sẹ́yìn, lẹ́yìn náà á ta síwájú, ọta kò sì tíì kúrò nínú ọ̀pá! Bí ẹ bá fún un mọ́ra lónìí, tí ẹ dẹ̀ ẹ́ lọ́la, ọ̀nà méjì lọta máa gbà. Ẹ la àtẹ́lẹwọ́, kí ìbọn jókòó lé e, ẹ má fi ìka dì í. Ẹ má gbé e lé igi tàbí òkúta. Tí ẹ bá ní àpò iyanrìn, ọwọ́ yín ni kó wà láàárín. Tí ẹ bá ti fa tirígà, ẹ má gbójú kúrò títí ọta á fi bá páálí tí ẹ ń ta.

Mẹkáníìkì kan ní kí n kán òróró sínú ihò afẹ́fẹ́ kó lè lágbára. Ó dún gbàù, èéfín yọ, kò sì pẹ́ tí sípíríǹgì fi kán. Òróró yẹn ló ń gbiná nínú ibẹ̀. Ẹ má dán an wò láé.

Ní ti ọta, tèmi jẹ́ 5.5 mílímítà. Mo máa ń ṣa èyí tí ìdí rẹ̀ ti tẹ̀ kúrò nínú agolo, irú ẹyọ kan náà ni mo sì ń rà.

Ẹ gbé páálí síwájú òkìtì erùpẹ̀, ní ìṣísẹ̀ 25, níbi tí èèyàn kò lè gbà kọjá lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ yin ọta 5 láì yí ohunkóhun. Bí ihò márààrún bá ṣùjọ, bí wọ́n tilẹ̀ jìnnà sí àárín, ìgbà yẹn gan-an ni kí ẹ tó fọwọ́ kan awò. Tí wọ́n bá ṣì fọ́n ká, ẹ padà sídìí bóòtù yẹn.