Bọ́ọ̀dù mi gba iṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan, kò gbà mọ́

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Mo ń kan ẹ̀rọ tí yóò máa bá adìyẹ sàba lé ẹyin ní Ìkọ̀lé-Èkìtì níbí. Blue Pill, bọ́ọ̀dù kékeré tó ní chip STM32F103C8 lórí, ni mo fi ń ṣọ́ ooru rẹ̀. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, st-flash, àṣẹ orí kọ̀ǹpútà tí ń kọ ètò sínú chip, kọ ètò mi sínú rẹ̀ wẹ́rẹ́. Láti ìgbà náà, ST-Link, ẹ̀rọ kékeré tó so kọ̀ǹpútà mọ́ bọ́ọ̀dù, kò rí chip yẹn mọ́. Ẹni tó tà á fún mi ní ó ti jóná, kí n ra òmíràn. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? — Ọmọ Ìkọ̀lé

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, má tíì náwó. Ètò tí o kọ síbẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ló tilẹ̀kùn mọ́ ọ.

Wáyà SWDIO àti SWCLK, tí a ń pè ní ọ̀nà SWD, ni ST-Link ń gbà wọlé, lórí ẹsẹ̀ PA13 àti PA14. Bí o bá fi CubeMX, ètò orí kọ̀ǹpútà tí ń bá ni kọ ìpìlẹ̀ ètò chip, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ fún irú chip yìí, tí o kò yan "Serial Wire" lábẹ́ SYS, ó máa ń fi ìlà kan sínú ètò rẹ tí ń pa ọ̀nà méjèèjì bí ètò bá ti ń bẹ̀rẹ̀. Bọ́ọ̀dù mẹ́ta ni mo dà nù ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Ajílósùn, l'Ádó, kí n tó mọ èyí. Ó ṣì ń dùn mí.

Gbé jumper BOOT0, ìdè kékeré orí bọ́ọ̀dù tó ń yan ètò tí chip máa fi bẹ̀rẹ̀, sí 1, kí o tẹ reset. Bootloader tí wọ́n ti kọ sínú chip láti ilé iṣẹ́ ni yóò jí, ètò tìrẹ yóò sì máa sùn, nítorí náà ilẹ̀kùn á wà ní ṣíṣí. Tẹ èyí:

st-flash erase

Dá BOOT0 padà sí 0. Yan Serial Wire, tún ètò rẹ kọ́, kí o wá tẹ:

st-flash write saba.bin 0x08000000

Má gbàgbé nọ́ńbà ìparí yẹn. Fáìlì .bin kì í gbé àdírẹ́sì dání, ibẹ̀ sì ni flash, ibi tí chip ń tọ́jú ètò sí, ti bẹ̀rẹ̀. Dúró títí o fi máa rí "verified". Ẹ̀rọ tí yóò ṣọ́ ẹyin fún ọjọ́ 21 kò gbọdọ̀ ní ètò àbọ̀ nínú.

Bí wọ́n bá mú iná lọ lẹ́nu iṣẹ́, má fòyà. Ara chip fúnra rẹ̀ ni ọ̀nà SWD wà, kò sí nínú ohun tí o ń pa rẹ́. Tún un kọ nígbà tí iná bá dé.