Wọ́n ń pe pásítọ̀ lórúkọ níbí!

Ìbéèrè: Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ Òmù-Àrán ni mí, ṣọ́ọ̀ṣì wa rán wa wá sílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún iṣẹ́ míṣọ́nnárì. Mo máa ń kí àwọn aládùúgbò, àwọn kan ò ní wojú mi, àwọn ọmọdé ń pe pásítọ̀ lórúkọ, bẹ́ẹ̀ aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ilẹ̀ ti ṣú. Mò ń sunkún lóru. Àbí Ọlọ́run ò rán mi ni?

Ìdáhùn: Pẹ̀lẹ́ àbúrò mi, ó dùn mí gan-an. Má fi ẹkún yẹn wọn ìpè rẹ rárá. Kalervo Oberg tó jẹ́ onímọ̀ nípa àṣà ẹ̀dá sọ̀rọ̀ nípa ìdààmú tó máa ń bá àlejò nílẹ̀ àjèjì, ní Brazil lọ́dún 1954, ó ní àlejò á kọ́kọ́ máa gbádùn ibi tuntun, tó bá yá gbogbo nǹkan á máa bí i nínú, kó tó wá mọ́ ọn lára díẹ̀díẹ̀. Àárín yẹn lo wà.

Ti ìkíni yẹn, lọ́dọ̀ wa ní Ìgbómìnà téèyàn bá kọjá láìkí àgbà wàhálà ni, àmọ́ níbẹ̀ yẹn ọ̀pọ̀ gbà pé kéèyàn má da ẹlòmíì láàmú ni ọ̀wọ̀, ọmọ tó pe pásítọ̀ lórúkọ ò sì rí i fín. Má sì retí kí ṣọ́ọ̀ṣì kún bíi tiwa, ètò ìkànìyàn 2021 fi hàn pé àwọn tó pera wọn ní Kristẹni ní England àti Wales ò tó ìdajì mọ́.

Wá ìyá àgbà kan nínú ìjọ, ẹ jọ máa mu tíì, kó máa ṣàlàyé àṣà wọn fún ẹ. Ẹkún òru yẹn ńkọ́, sọ fún olórí yín lónìí, jọ̀ọ́, má dá a gbé.