Èsì: Ọjà wo ni kí a kó pamọ́ nígbà tí wọ́n bá fẹ́ ṣe ẹ̀dà tuntun alùpùpù?

Ẹ kú ìbéèrè. Ẹ fẹ́ mọ̀ bóyá ó yẹ kí ẹ ra irin ìgbẹ́rù àti irin ìdáàbòbò ẹ́ńjìnnì jọ fún títà nígbà tí ilé-iṣẹ́ ti kéde pé àwọn yóò ṣe ẹ̀dà tuntun alùpùpù kan. Ní tèmi, ẹ má rà á púpọ̀.

Ara férémù (egungun alùpùpù) ni a ti ń de irú àwọn nǹkan wọ̀nyí, bí ojú ihò bóòtù (irin tí a fi ń dè é) bá sì fi díẹ̀ yí padà, ọjà tí ó wà nílẹ̀ kò ní wọlé mọ́. Ẹ wo Africa Twin ti Honda: nígbà tí ẹ̀dà tuntun rẹ̀, CRF1100L, rọ́pò CRF1000L fún ọdún 2020, kì í ṣe ẹ́ńjìnnì nìkan ni ó kúrò ní 998 cc sí 1,084 cc, férémù ẹ̀yìn, tí a jó pọ̀ mọ́ ti iwájú tẹ́lẹ̀, di alumíníọ̀mù tí a ń fi bóòtù dè, orí rẹ̀ gan-an sì ni irin ìgbẹ́rù dúró lé. Orúkọ kan náà ni àwọn méjèèjì ń jẹ́, èyí sì lè ṣi oníbàárà lọ́nà, nítorí náà ẹ máa bèèrè ọdún tí wọ́n ṣe é kí ẹ tó gba owó.

Síbẹ̀, ẹ má ta ọjà àtijọ́ ní àdánù, torí àwọn tó ń ra àlòkù yóò ṣì máa wá a. Àgbékọ́ fóònù ni mo fọkàn tán jù, nítorí pé bí irin ọwọ́ alùpùpù ṣe nípọn tó, tó sábà máa ń jẹ́ 22 mm tàbí 28.6 mm, nìkan ni ẹ ó máa wò.