Bíìṣì wo ló dáa jù fún èmi, àwọn ọmọ àti ìyá ọkọ mi l'Ékòó?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Ìbàdàn la wà, a ń bọ̀ wá jẹ ìgbéyàwó kan n'Íkẹjà ní Sátidé kan nínú August, àwọn ọmọ sì ti ń da èmi àti bàbá wọn láàmú pé àwọn fẹ́ rí òkun. Ìbejì ọmọ ọdún 9 ni àti Ìdòwú wọn tó jẹ́ ọmọ ọdún 5. Ìyá ọkọ mi náà máa tẹ̀lé wa, orúnkún ń dun Màmá díẹ̀ ṣùgbọ́n wọ́n ń rìn. Àwọn kan ní ká lọ sí Ẹlẹ́gùṣì, àwọn kan ní Tarkwa Bay, àbúrò mi tún fi fọ́tò Landmark hàn mí lórí Instagram, ó rẹwà gan-an. Sọ́ńdè la fẹ́ lọ. Èwo ló dáa jù tí àwọn ọmọ á lè wọ omi díẹ̀, tí owó ò sì ní pa wá? Ìyá Ìbejì, Ìbàdàn.

Ìdáhùn: Ẹ kú ìmúra ìgbéyàwó o, Ìyá Ìbejì, ẹ bá mi kí Màmá. Iṣẹ́ mi ni kí n máa kó àwọn ẹbí àti ọmọ ilé ìwé lọ sétí òkun, torí náà mi ò ní fa ọ̀rọ̀ gùn kí n tó sọ èyí tí mo fẹ́ sọ: Tarkwa Bay ni kẹ́ẹ lọ. Tí Màmá bá ní àwọn ò lè gun ọkọ̀ ojú omi láéláé, ẹ lọ sí Oníru tàbí Ẹlẹ́gùṣì, ẹ jẹun, ẹ gba atẹ́gùn, ẹ ya fọ́tò, àmọ́ kí ọmọ kankan má wọ omi kọjá ọrùn ẹsẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ yọ Landmark kúrò nínú ẹ̀ ná. Wọ́n ti wó bíìṣì yẹn ní 2024 torí títì etíkun tí ìjọba ń ṣe láti Èkó lọ sí Calabar, fọ́tò àtijọ́ ló ṣì ń yí kiri, mo sì mọ̀ pé ó dun ọ̀pọ̀ èèyàn torí ibẹ̀ mọ́ tónítóní, ó sì tọ́jú ọmọdé. Iṣẹ́ títì yẹn náà ti yí ọ̀nà àwọn ibòmíì padà, torí náà bíìṣì yòówù tẹ́ẹ bá rí lórí fóònù, ẹ pè wọ́n kẹ́ẹ tó gbéra.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ omi, òun gan-an ló ṣe pàtàkì. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé tí òjò ò bá ti rọ̀ l'Ékòó, òkun á jẹ́jẹ́. Kò rí bẹ́ẹ̀ o. Ìgbì tó ń wó lulẹ̀ ní Lẹ́kkí yẹn, ìjì tó ń jà lọ́nà jíjìn réré ní gúúsù òkun Atlantic ló ń tì í bọ̀, á ti rìn fún ọjọ́ mélòó kan kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, láti bí April, May títí wọ September sì ni ìjì ọ̀hún máa ń le jù torí àsìkò òtútù tiwọn nìyẹn. Oòrùn lè máa ràn, kójú ọ̀run mọ́ gaara, kí omi sì máa bínú. August tẹ́ẹ mú yìí, àárín gbùngbùn ẹ̀ ló bọ́ sí. August 2012 náà ni òkun ru wọ bíìṣì Kuramo ní Victoria Island, tó sì gbé èèyàn lọ. Ká ní ẹ lè sún un di December tàbí January nígbà ọyẹ́ ni, mi ò bá máà sọ̀rọ̀ tó báyìí, àmọ́ ọjọ́ ìgbéyàwó kọ́ lẹ̀ ń yàn fúnra yín.

Láti Oníru lọ sí Ẹlẹ́gùṣì títí dé apá Ajah, òkun gbangba ni, kò sí nǹkan kan tó dí i. Yanrìn ibẹ̀ ga lókè, ó wá dà gẹ̀rẹ́ sínú omi: ẹ gbé ẹsẹ̀ kan, omi wà lọ́rùn ẹsẹ̀, ẹ gbé ìkejì, ó ti dé itan, ìkẹta, ọmọ ọdún 9 ò bá ilẹ̀ mọ́. Ìgbì á wó gbì sí bèbè níbẹ̀, tó bá wá ń padà, á fa yanrìn kúrò lábẹ́ ẹsẹ̀ yín bí ìgbà tí wọ́n fa ẹní kúrò nídìí ẹni tó ń sùn. Mo ti rí ọkùnrin gìrìwò tí omi bẹ́ẹ̀ gbé ṣubú níbi tí ò ju orúnkún lọ.

Èyí tó tún wá burú jùyẹn lọ ni ojú ọ̀nà tí omi ń gbà padà sínú òkun. Bẹ́ẹ bá dé bíìṣì èyíkéyìí, kẹ́nikẹ́ni má tíì bọ́ bàtà, ẹ dúró lókè kẹ́ẹ wo omi fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹ máa rí ibi tí ìgbì ti ń fọ́, tó ń hó funfun, ẹ máa wá rí ibì kan láàárín wọn tí kò hó, tó pa rọ́rọ́, tí àwọ̀ omi ẹ̀ dúdú díẹ̀ tàbí tó dà rú pẹ̀lú yanrìn, ìfófòó orí ẹ̀ sì ń lọ sínú òkun dípò kó máa bọ̀ lókè. Ibẹ̀ yẹn gan-an ni gbogbo ẹni tí ò mọ̀ máa ń yàn, wọ́n á ní ibí ló jẹ́jẹ́, ẹ jẹ́ kọ́mọ ṣeré níbí. Gbogbo omi tí ìgbì kó wá sókè, ibẹ̀ ló ń gbà lọ, kò sì sí ẹni tó lágbára tó láti bá a jà tààrà. Ẹni tó bá gbé, kó fọkàn balẹ̀ kó léfòó, kó nawọ́ sókè káwọn èèyàn rí i, kó wẹ̀ gba apá ọ̀tún tàbí òsì títí tó fi máa bọ́ kúrò lójú ọ̀nà yẹn, lẹ́yìn náà kó wá wẹ̀ bọ̀ lókè níbi tí ìgbì ti ń fọ́, ìgbì á ràn án lọ́wọ́. Ẹni tó wà lókè ò sì gbọdọ̀ bẹ́ sí i torí ìfẹ́, báyẹn lomi ṣe ń gbé bàbá àtọmọ pọ̀. Nǹkan tí èmi máa ń gbé sínú bọ́ọ̀sì ni kẹ́ẹ̀gì òróró lítà 25 tó ṣófo, màá dé ìdérí ẹ̀ pa gírígírí, màá so okùn gígùn mọ́ etí ẹ̀, òun là ń jù séèyàn, a ó wá fà á. Kò wọ́n, títí ọjọ́ náà fi máa parí ó sì ṣeé jókòó lé.

Kí ló wá mú Tarkwa Bay yàtọ̀? Òkúta ni. Láyé òyìnbó, ní nǹkan bí 1908, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí kó òkúta ńláńlá sínú òkun lẹ́nu ibi tí ọkọ̀ ń gbà wọ ọ̀sà Èkó, torí yanrìn tó máa ń dí ẹnu ọ̀nà yẹn ò jẹ́ kí ọkọ̀ ńlá wọlé. Ẹ̀yìn ògiri òkúta yẹn ni Tarkwa sá sí, ìgbì tó bá fi máa yí dé ibẹ̀, agbára ẹ̀ á ti lọ. Ògiri kan náà ló sì ba ti Bar Beach, bíìṣì àtijọ́ ní Victoria Island, jẹ́ o. Ìwọ̀ oòrùn ni omi etíkun wa ti ń kó yanrìn lọ sí ìlà oòrùn, òkúta wá dá a dúró, yanrìn ń pọ̀ sí i lápá Lighthouse, ìyẹn bíìṣì tó wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì Tarkwa, Bar Beach ò rí tiẹ̀ gbà mọ́, òkun ń jẹ ẹ́ lọ díẹ̀díẹ̀, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ ẹ́ dé títì kí wọ́n tó wá da yanrìn síbẹ̀ tí wọ́n kọ́ Eko Atlantic. Tí Màmá bá ń bi yín pé Bar Beach táwọn lọ nígbà èwe àwọn ńkọ́, ẹ sọ fún wọn pé ilé gogoro ló wà níbẹ̀ báyìí.

Ní Tarkwa, ibi tí omi ti yà wọ ilẹ̀ lẹ́yìn òkúta yẹn lẹ máa dúró sí o. Apá kejì tó kọjú sí Lighthouse, òkun gbangba ni, ibẹ̀ làwọn ọmọ Tarkwa ti ń gun pátákó lórí ìgbì, ó dùn ún wò gan-an, kẹ́ẹ lọ wò ó, kẹ́ẹ padà. Lẹ́yìn òkúta níbẹ̀ náà, àgbàlagbà kan gbọ́dọ̀ wà nínú omi, kó dúró síhà òkun, kí àwọn ọmọ wà láàárín òun àti ilẹ̀, kì í ṣe kó jókòó lókè kó máa tẹ fóònù. Ohun táwọn ìbejì yín sì máa gbádùn jù, tó ṣeé ṣe kẹ́nikẹ́ni má tíì sọ fún yín, ni àwọn ọkọ̀ òkun ńlá tó ń kó kọ̀ǹténà wọ Apápá, nítòsí ibẹ̀ ni wọ́n ń gbà kọjá, ó ga ju ilé lọ. Ẹ má retí ọ̀tẹ́ẹ̀lì olówó ńlá ṣá. Ní January 2020 wọ́n lé àwọn ará ibẹ̀, wọ́n wó ilé púpọ̀, ohun tẹ́ẹ máa bá ni àga, kánópì, ẹja yíyan, ẹlẹ́rìndòdò, nǹkan bẹ́ẹ̀.

Ọkọ̀ ojú omi nìkan ló ń débẹ̀, òun ni mo fi ń ro ti orúnkún Màmá. Ẹ lè wọkọ̀ ní CMS tàbí ní jẹ́tì Tarzan ní Ozumba Mbadiwe, kò ju bí ogún ìṣẹ́jú lọ. Ẹ má bá èrò wọ ọ́, ẹ gba ọkọ̀ kan lódindi fún ẹbí yín, tẹ́ẹ bá rí ẹbí míì tẹ́ẹ jọ pín in ó tún dáa. Ẹ̀yìn ọkọ̀ ni kẹ́ẹ jókòó Màmá sí, iwájú ló máa ń fò tó sì ń gbá ìdí mọ́lẹ̀. Ẹ sọ fún awakọ̀ látilẹ̀ pé àgbàlagbà wà níbẹ̀, kó sún mọ́ ilẹ̀ dáadáa kó sì wá ẹni tó máa di wọ́n mú, torí ẹ lè ní láti sọ̀ sínú omi díẹ̀, kí Màmá wọ sílípáàsì onírọ́bà. Lífù jákẹ́ẹ̀tì dandan ni, òfin Èkó ni, àmọ́ ti àgbà ni wọ́n máa ń kó wá, tẹ́ẹ bá wọ̀ ọ́ fún Ìdòwú á yọ gba orí ẹ̀. Ẹ bèèrè ti ọmọdé kẹ́ẹ tó sanwó, ẹ de gbogbo okùn ẹ̀, kẹ́ẹ wá di èjìká jákẹ́ẹ̀tì mú kẹ́ẹ fà á sókè: tó bá fi bo etí ọmọ, ó tóbi jù.

Àwọn tó kù, ní kíá. Ẹlẹ́gùṣì lọ́jọ́ Sọ́ńdè, DJ ni, shisha ni, ọ̀dọ́ ni wọ́n ń já wọlé lọ́sàn-án dalẹ́, Màmá á kàn máa fẹnu sọ àdúrà lábẹ́ kánópì. Àárọ̀ ọjọ́ Túsìdeè tàbí Wẹ́sìdeè, ibẹ̀ náà parọ́rọ́, ẹ lè bá àwọn aláṣọ funfun tó wá gbàdúrà, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má yà wọ́n ní fọ́tò. Ilashe dáa, ọkọ̀ ojú omi náà lẹ máa wọ̀ débẹ̀, àmọ́ ilé ni wọ́n ń háyà níbẹ̀, ó dùn tẹ́ẹ bá pọ̀ tẹ́ẹ sì fẹ́ sùn. La Campagne, ibi ìgbafẹ́ kan ní Ìkẹ́gùn, ọ̀nà Ìbẹ́jú-Lẹ́kkí, adágún omi wà níbẹ̀ yàtọ̀ sí òkun, ẹ tọ́jú owó kẹ́ẹ tó lọ. Àgbádárìgì, ilé alájà àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà tí wọ́n kọ́ ní 1845 wà níbẹ̀, ibi tí wọ́n ti ń kó ẹrú kọjá sínú òkun wà níbẹ̀, ó yẹ káwọn ọmọ rí i, àmọ́ ẹ ya ọjọ́ tiẹ̀ sọ́tọ̀ torí ọ̀nà jìn láti Ìkẹjà, ìrìn orí yanrìn sì pọ̀ fún orúnkún.

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè yẹn, ẹ jáde n'Íkẹjà ní bí aago méje àbọ̀, Third Mainland á ṣí sílẹ̀ torí ṣọ́ọ̀ṣì (Ọlọ́run á dárí jì wá), kẹ́ẹ lè wà lórí omi ṣáájú mẹ́sàn-án nígbà tó ṣì rọ̀. Ẹ kúrò ní Tarkwa ní aago mẹ́ta àbọ̀, ó pẹ́ jù mẹ́rin, torí atẹ́gùn ọ̀sán máa ń da omi rú, ẹ ò sì fẹ́ wà lójú omi nílẹ̀ ṣíṣú. Ẹ gbé oúnjẹ yín, ìrẹsì inú kúlà ò bàjẹ́, àmọ́ ní Oníru àti Ẹlẹ́gùṣì ẹ bèèrè ná torí àwọn géètì kan máa ń gbowó lórí kúlà. Ẹ mú owó dání, nẹ́tíwọ́ọ̀kì máa ń ṣe wèrè. Iye àga àti kánópì, ẹ bèèrè kẹ́ẹ tó jókòó. Iye ẹṣin, ẹ dúnàádúrà kọ́mọ tó gùn ún, kẹ́ẹ sì bèèrè bóyá àlọ nìkan ni àbí àlọ àtàbọ̀, ẹ má rẹ́rìn-ín, wọ́n ti gba owó àbọ̀ lọ́wọ́ èèyàn rí. Fọ́tò táwọn ọmọkùnrin tó ń gbé kámẹ́rà kiri bíìṣì bá yà láìbéèrè, ẹ ò jẹ wọ́n ní gbèsè kankan, ẹ kàn sọ ọ́ pẹ̀lú ẹ̀rín.

Lálẹ́ Sátidé, ẹ pe ọlọ́kọ̀. Tó bá ní omi le, ẹ gbà á gbọ́, àwọn tó ń jẹun lójú omi kì í déédéé kọ owó, ẹ yà sí Oníru ní àárọ̀, ẹ ra ṣọ́bìrì oníke fún àwọn ọmọ kí wọ́n máa fi yanrìn kọ́lé. Tó bá ní omi dáa, ìdajì owó ni kẹ́ẹ san ní jẹ́tì, ẹ gba nọ́ńbà ẹ̀, ẹ pè é níwájú ẹ̀ kẹ́ẹ rí i pé ó dún, ìdajì tó kù, ó di ìgbà tó bá gbé yín padà.