Ó ń ṣiṣẹ́ nínú BIOS, ó kú nínú setup: ẹ má tíì ju kíbọ́ọ̀dù yẹn nù

Ẹ ní kíbọ́ọ̀dù àti máòsì yín ń ṣiṣẹ́ dáadáa nínú BIOS (ètò tó ń jí ẹ̀rọ kí Windows tó dé), pé kíbọ́ọ̀dù yẹn náà lẹ fi yan fláàṣì tí Windows 7 wà nínú rẹ̀. Àmọ́ bí ojú ìwé tí wọ́n ti ń yan èdè ṣe yọ báyìí, iná abẹ́ máòsì kú, kíbọ́ọ̀dù náà ò sì gbọ́ nǹkan kan mọ́. Mo mọ ojú ìwé yẹn bí ẹní mowó. Odindi ọjọ́ méjì ni mo fi jókòó tì í. Mo ra kíbọ́ọ̀dù tuntun, mo yá máòsì onímáòsì, mo pààrọ̀ fláàṣì, mo tún fáìlì ISO náà (àdàkọ odindi dísìkì Windows) gbà wálẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Pàbó ló já sí. Ẹ má náwó tí mo ná yẹn. Kò sóhun tó ṣe kíbọ́ọ̀dù yín.

Nínú BIOS, motherboard (pátákó ńlá inú ẹ̀rọ) fúnra rẹ̀ ló ń darí ihò USB, ó ní driver tirẹ̀ lára, ìyẹn ètò tó ń bá ohun èlò sọ̀rọ̀. Gbàrà tí setup, ètò tó ń fi Windows sórí ẹ̀rọ, bá gbérí, á gba ihò wọ̀nyẹn lọ́wọ́ BIOS, á ní òun lòun ń darí wọn báyìí. Wàhálà ibẹ̀ ni pé 2009 ni Windows 7 jáde, kò sì sí driver USB 3.0 kankan nínú rẹ̀. Fún ọdún mélòó kan, ìyẹn ò dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, torí pé lẹ́gbẹ̀ẹ́ xHCI, adarí ihò tí USB 3.0 ń lò, EHCI, adarí ti USB 2.0, ṣì máa ń wà lórí motherboard, Windows 7 sì mọ ìyẹn. Nígbà tó di 2015, tí Intel gbé processor Skylake àti chipset ọ̀wọ́ 100 tó ń bá a ṣiṣẹ́ lórí motherboard jáde, wọ́n yọ EHCI dànù. Ihò yín ì báà dúdú, ì báà jẹ́ búlúù, ọ̀dọ̀ xHCI ni gbogbo wọn ń lọ. Ìdí nìyẹn tí ìmọ̀ràn "ẹ fi okùn sínú ihò dúdú" ò fi ran èmi lọ́wọ́. Lórí ẹ̀rọ tó ti pẹ́ jù bẹ́ẹ̀, ìmọ̀ràn gidi ni, kò sì ní kí ẹ ṣe ju kí ẹ yọ okùn níbì kan kí ẹ fi sí ibòmíì.

Ẹ kọ́kọ́ yẹ BIOS wò. Ẹ pa Fast Boot, ẹ tan Legacy USB Support àti xHCI Hand-off. Àwọn motherboard kan tiẹ̀ ní ibi tí wọ́n kọ "Windows 7 Installation" tàbí "PS/2 Simulator" sí. Tí tiyín bá ní in, ẹ tàn án, ó ṣeé ṣe kí ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Tèmi ò ní.

Ẹlòmíì á ní kí ẹ lo kíbọ́ọ̀dù PS/2, èyí tí ẹnu okùn rẹ̀ rí roboto. Mo lò ó. Kíbọ́ọ̀dù gbọ́ lóòótọ́, mo tẹ Install now, inú mi dùn. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, ó ní "A required CD/DVD drive device driver is missing". Mo rò pé ISO ló bàjẹ́. Rárá o, fláàṣì tí mo fi ń ṣe é ni setup ò rí mọ́, ṣebí inú ihò USB lòun náà wà. Bí ẹ bá ní DVD tó so mọ́ SATA (okùn inú ẹ̀rọ, kì í ṣe USB), PS/2 á gbè yín. Bí ẹ ò bá ní, ẹ fi í sílẹ̀.

Ohun tó yanjú tèmi ni pé mo fi driver USB 3.0 sínú Windows 7 náà kí n tó gbé e dé ìdí ẹ̀rọ. Ẹ ṣe é lórí kọ̀ǹpútà mìíràn tó ń ṣiṣẹ́. Ẹ kó gbogbo ohun tó wà nínú ISO sí fódà kan, ẹ yọ Read-only lára boot.wim àti install.wim (inú fódà sources ni wọ́n wà), ẹ tú driver náà síta sínú fódà C:\usb3 títí ẹ fi rí fáìlì .inf, torí pé DISM, irinṣẹ́ Windows tó ń fi driver sínú fáìlì .wim, kò mọ .exe jẹ. Ti Windows 7 ni kó jẹ́ o, 64-bit fún 64-bit. Ẹ ṣí Command Prompt gẹ́gẹ́ bí administrator, ẹ wọ inú fódà sources, kí ẹ wá tẹ:

dism /mount-wim /wimfile:boot.wim /index:2 /mountdir:C:\mount
dism /image:C:\mount /add-driver /driver:C:\usb3 /recurse
dism /unmount-wim /mountdir:C:\mount /commit

Ẹ ti dá fódà C:\mount sílẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kó ṣófo. Kí ẹ tó tẹ ìlà kẹta, ẹ pa gbogbo fèrèsé tó bá ṣí fódà yẹn dé. Èmi gbàgbé ọ̀kan, ó kọ̀ kò parí, mo sì ní láti tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Index 2 ni setup fúnra rẹ̀, index 1 ni Windows PE, Windows kékeré kan. Mo máa ń ṣe méjèèjì.

Ibi tó ti wá dùn mí jù nìyí. Boot.wim nìkan ni mo ṣe nígbà àkọ́kọ́. Máòsì rìn, kíbọ́ọ̀dù gbọ́, mo pa gbogbo ohun tó wà lórí dísìkì rẹ́, Windows wọlé, ẹ̀rọ kú, ó tún tàn. Ó ní kí n kọ orúkọ mi. Àmì ìkọ̀wé ń ṣẹ́jú sí mi nínú àpótí orúkọ, mò ń tẹ A, mò ń tẹ Enter, kò sí ìdáhùn kankan. Windows tó wà lórí dísìkì nísinsìnyí, inú install.wim ló ti wá, mi ò sì fọwọ́ kan ìyẹn. Dísìkì ti ṣófo, mi ò ní ohun tí mo lè padà sí.

Nítorí náà, ìlà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yẹn náà ni kí ẹ ṣe fún install.wim. Ó máa ń ní index púpọ̀, Home Premium, Professional, Ultimate, nítorí náà ẹ tẹ dism /get-wiminfo /wimfile:install.wim kí ẹ lè mọ nọ́ńbà èyí tí ẹ fẹ́ lò. Lẹ́yìn náà, ẹ fi fáìlì méjèèjì tí ẹ ti tún ṣe rọ́pò ti tẹ́lẹ̀ nínú fódà sources lórí fláàṣì.

Ẹ̀yin tí Windows 10 tàbí 11 ń ṣe báyìí fún, ọ̀rọ̀ tiyín yàtọ̀, torí pé láti Windows 8 ti 2012 ni driver USB 3.0 ti wà nínú rẹ̀. Ẹ wò ó bóyá kíbọ́ọ̀dù Bluetooth lẹ̀ ń lò, setup kì í sábà rí i. Ẹ wá olókùn. Tó bá jẹ́ pé touchpad láptọ́ọ̀pù nìkan ló kọ̀, ẹ ki máòsì USB bọ̀ ọ́, tàbí kí ẹ máa fi Tab àti Enter rìn títí ẹ ó fi rí driver rẹ̀ fi sí i.

Fún ẹni tó ń ṣe Windows 7: kí ẹ tó fọwọ́ kan dísìkì, ẹ tún mount install.wim, kí ẹ tẹ dism /image:C:\mount /get-drivers. Tí ẹ bá rí oem0.inf níbẹ̀, driver ti wọlé. Tí kò bá sí níbẹ̀, ẹ má pa nǹkan kan rẹ́ lórí dísìkì yẹn.